Ǹjẹ́ Ẹranko Máa Ń Ṣọ̀fọ̀?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó ní kí n kọ nǹkan sí ojú ìwé yìí, nítorí ìròyìn ìkómọ àti ìgbéyàwó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù yìí kò kún un. Mo ní kí ni èmi mọ̀ tí n óò kọ? Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Iṣẹ́ mi ní rélùwéè ni pé kí n ka ẹrù, kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí n sì rí i pé iye tí ó wọlé bá iye tí ó jáde mu. Ó ní kí n kọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi. Ohun tí ó sì wà lọ́kàn mi láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko: ṣé inú wọn máa ń bàjẹ́ ni, ṣé wọ́n máa ń rántí ẹni tí ó ti lọ, gẹ́gẹ́ bí àwa ènìyàn ti ń ṣe?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò tíì rí owó ilé ìwé ọmọ san, kí ni ó kàn án nínú ẹkún ewúrẹ́? Ẹ ní sùúrù fún mi.

Àwọn bàbá wa kò ka ẹranko sí igi. Ọdẹ a máa ki ẹfọ̀n, a máa ki erin, bí ẹni tí ó ń ki ìjòyè. Àwọn àgbà ní òógùn ń bẹ lára adìẹ, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a rí i. Àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara ẹyẹ sọ pé adìẹ kì í làágùn rárá, ẹnu ni ó ń yà sílẹ̀ kí ooru inú rẹ̀ lè jáde, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òwe sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Wọ́n tún ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹni tí ó pa èyí ti dáhùn ìbéèrè mi kí wọ́n tó bí mi, ó kéré tán ní ti ìrora. Ti ọ̀fọ̀ ni ó kù.

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà ti fa àríyànjiyàn púpọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1637 pé ẹranko dà bí ẹ̀rọ, bí aago tí ènìyàn ṣe. Èmi tí mo ń gbọ́ igbe irin lójoojúmọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin irin tí ó ń ké nítorí kò ní gírísì àti ajá tí ó ń ké. Ó di 1872 kí Charles Darwin, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ odindi ìwé lórí bí ìbẹ̀rù, ìbínú àti ayọ̀ ti ń hàn lójú ènìyàn àti lára ẹranko. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá kan náà ni àwa àti àwọn ti jogún púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí ọ̀mọ̀wé tó lè sọ pé inú ẹranko bàjẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ó tì mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni ajá kan ní Kàdúná níbí.

Ní ọdún 2023 ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wa dolóògbé. Aránṣọ ni, ọmọ Ọ̀ffà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní ìlú yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ ariwo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa rí ti wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bàbá náà ní ajá pupa kan tí ó sọ ní Tanímọ̀la. Ní àràárọ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá á jókòó sídìí máṣínnì, ajá á dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lórí àjákù aṣọ, yóò sì wà níbẹ̀ títí bàbá yóò fi ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Ilé ìwòsàn ni bàbá kú sí, lóru. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí Ọ̀ffà. Ajá kò rí òkú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè ṣàlàyé fún un. Ìyá àwọn ọmọ tẹ̀ lé òkú lọ sílé, ó sì bẹ obìnrin kan ní àgbàlá wọn pé kí ó máa fún ajá ní oúnjẹ.

Láti ọjọ́ kejì ni Tanímọ̀la ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Yóò dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀, oòrùn yóò pa á, eruku ọyẹ́ yóò bò ó, kò ní kúrò. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò padà sílé. Nígbà tí ó bá wá di òru, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ bí ajá bá ń hu lóru. Wọ́n ní òkú ni ó ń rí. Wọ́n ní ikú ni ó ń pè wá sí àdúgbò. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí onílé fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa pé kí a wá mú ajá wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò tà á fún àwọn tí ó ń ra ajá pa jẹ. Àwọn kan nínú wa sọ pé kí ó kúkú tà á, kí a fi owó rẹ̀ kún ìnáwó òkú.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé oṣù, ní ìparí, lẹ́yìn owó ìdásílẹ̀. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní: “Ẹ má jẹ́ kí ajá tàn yín jẹ o. Ikùn ni ọba ajá. Ẹnì kan ń ju eegun fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun ni ó ń dè.” Ọ̀rọ̀ gidi ni bàbá sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo bẹ ìpàdé pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan ni mo ń kọ aago tí mo bá ajá níbẹ̀ sí. Ní apá kejì ni mo ń kọ ohunkóhun tí ó bá rí jẹ níbẹ̀ sí. Ọjọ́ 14 ni mo fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ 13 nínú rẹ̀, mo bá a níbẹ̀ ní àárọ̀, mo tún bá a níbẹ̀ nígbà tí mo ń bọ̀. Ọjọ́ kan tí n kò bá a, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ nílé ni. Mo bi ìyá tí ó ń din àkàrà ní òdìkejì, mo bi ọmọkùnrin tí ó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fún ajá ní nǹkan kan, àfi omi tí ìyá alákàrà gbé sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Oúnjẹ rẹ̀ wà nílé, ohun tí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi ni èyí tí obìnrin àgbàlá sọ, pé ní àárọ̀, ajá náà a máa fi oúnjẹ sílẹ̀ láì jẹ ẹ́ tán kí ó lè tètè jáde. Èmi kò tíì rí ọjà tí ènìyàn ń gbé owó sílẹ̀ nílé lọ dè láti gba òfo.

Mo ka ìwé náà sí etí ìpàdé bí mo ti kọ ọ́, ọjọ́ sí ọjọ́. Bàbá tí ó sọ̀rọ̀ eegun náà ni ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n má ta ajá.

Ọmọ iṣẹ́ bàbá ni ó mú un sọ́dọ̀. Nígbà tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà tí ó sì fẹsẹ̀ tẹ máṣínnì, Tanímọ̀la wọlé, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó gbóòórùn àga, ó wá lọ dùbúlẹ̀ sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, a kò gbọ́ híhu mọ́ lóru. Ṣé bàbá ni ó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni, àbí ìró máṣínnì ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́? N kò lè búra. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ó ń fi fìlà rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, ṣé ọkọ ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ ni, àbí òórùn fìlà? Ta ni yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ibi iṣẹ́, ẹnìkan níbẹ̀ bi mí bóyá mo ti gbọ́ nípa ajá rélùwéè ti ilẹ̀ Japan. N kò gbọ́ ọ rí, ni mo bá wá a kà. Hachiko ni orúkọ ajá náà, 1923 ni wọ́n sì bí i. Olówó rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Hidesaburo Ueno, tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì Tokyo. Ní ìrọ̀lẹ́, ajá náà a máa lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Shibuya. Ní oṣù May 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́. Ajá kò mọ̀. Ó ń lọ sí Shibuya lásìkò tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ń wọlé, ó ń wo ojú àwọn tí ó ń sọ̀kalẹ̀, títí di ọjọ́ 8 oṣù March 1935 tí òun náà kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 10.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní rélùwéè, apá yìí kàn wá: ní àwọn ọdún ìṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó náà àti àwọn ọmọdé ń lé e, wọ́n sì ń lù ú, nítorí lójú wọn ajá ìgboro tí ó ń dí ọ̀nà ni. Ìgbà tí ìwé ìròyìn kan gbé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1932 ni gbogbo ayé wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi idẹ mọ ère rẹ̀ ní 1934, ajá fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Wọ́n yọ́ ère náà nígbà ogun nítorí idẹ wọ́n, wọ́n tún mọ òmíràn ní 1948, èyí tí àwọn ènìyàn ṣì ń dúró sí láti pàdé ara wọn lónìí.

Àwọn kan wà ní ilẹ̀ Japan tí ó sọ gan-an ohun tí bàbá wa sọ ní ìpàdé: wọ́n ní ẹran ni ó ń dè. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n sì bá igi tí wọ́n fi ń gún adìẹ sísun níbẹ̀, irú èyí tí àwọn alásùyà wa ń lò. Òtítọ́ ni, àwọn ènìyàn ń fún un ní ẹran. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ń lù ú ńkọ́? Àti pé ṣé ẹni tí ó jẹ ẹran níbi ìsìnkú kò lè sunkún òkú mọ́? Àwa Yorùbá kọ́ ni ó yẹ kí ó béèrè irú rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ohun tí a bá kà lójú ẹranko ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo èyí. Gbogbo ẹni tí ó bá ní ajá ni yóò sọ fún yín pé bí ó bá jí ẹran jẹ, ojú ẹ̀bi máa ń hàn lára rẹ̀: yóò tẹ orí ba, yóò ká ìrù mọ́ inú, kò ní lè wo olówó rẹ̀. Ní 2009, obìnrin onímọ̀ kan ní New York, Alexandra Horowitz, dán an wò. Olówó ajá á kìlọ̀ fún ajá pé kí ó má jẹ oúnjẹ kan, á sì jáde. Nígbà tí ó bá wọlé, wọ́n á sọ fún un bóyá ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn irọ́ ni wọ́n pa fún un. Ohun tí ó rí ni pé ojú ẹ̀bi náà kò tẹ̀ lé ẹ̀bi. Ìbáwí ni ó tẹ̀ lé. Ajá tí kò jẹ nǹkan kan, tí wọ́n sì bá wí, òun gan-an ni ó tẹ orí ba jù. Ojú olówó rẹ̀ ni ó ń kà, kì í ṣe ọkàn ara rẹ̀.

Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí onílé àti ọ̀rọ̀ “ó ń pe ikú.” Ó yá wa lára láti fún ẹranko ní ohun burúkú wa. Ẹ̀bi, ọ̀dàlẹ̀, àjẹ́, gbogbo rẹ̀ ni a ti dì rù wọ́n. Ìrora wa ni a ń háwọ́ láti fún wọn. Bóyá nítorí pé bí a bá gbà pé ó ń dùn wọ́n, a óò ní láti ṣe nǹkan kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yìí, òkété ni ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàrin wa. Ẹni tí ó bá da ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ní òkété, báyìí ni ìwà rẹ. Ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀ díẹ̀. Ní Morogoro, ní ilẹ̀ Tanzania, àwọn kan tí à ń pè ní APOPO ń kọ́ òkété láti fi imú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Cambodia, ó sì wá ohun tí ó ju 100 lọ rí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní 2020, ẹgbẹ́ aṣàánú ẹranko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ó kú ní January 2022. Mo mọ̀ pé imú àti ọgbọ́n nìyẹn, kì í ṣe àánú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń gbà fún owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti eku ilé. Ní 2011, ní Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n há eku kan mọ́ inú túùbù tí ó ní ilẹ̀kùn, wọ́n fi ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé sí ìta. Eyí tí ó wà ní ìta kò sinmi títí ó fi mọ bí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí wọ́n fi ṣokoléètì sínú túùbù mìíràn, ó ṣí méjèèjì, ó sì sábà máa ń ṣẹ́ ṣokoléètì kù fún ẹni tí ó yọ. Mo mọ àwọn ọmọ ìyá kan tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wọn.

Ti odídẹrẹ́ náà wà, èyí tí inú àwọn ará Ìwó yóò dùn sí. Ní 2020, wọ́n kọ́ odídẹrẹ́ ilẹ̀ wa, aláwọ̀ eérú, pé òrùka irin kan ni owó, ẹni tí ó bá fún olùtọ́jú ní òrùka yóò rí oúnjẹ gbà. Wọ́n wá fi méjì sí yàrá tí ó fara kanra. Ọ̀kan ní òrùka ṣùgbọ́n wọ́n dí ojú ihò tirẹ̀, èkejì kò ní òrùka ṣùgbọ́n ihò tirẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó ní òrùka kó o fún ẹnìkejì rẹ̀, láì rí nǹkan kan gbà. Ayékòótọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ yìí ti wọ́n nínú igbó wa, àwọn oníṣòwò ti kó o tán, débi pé ní 2016 àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fi òfin de títà rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì.

N óò fi erin kún un, nítorí ó kan àwa tí a ń gbé láàrin ẹ̀yà mìíràn. Ní Amboseli, ní ilẹ̀ Kenya, àwọn Maasai a máa fi ẹran jẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ọ̀kọ̀ gún erin nígbà mìíràn bí wọ́n bá jà lórí omi àti koríko. Àgbẹ̀ ni àwọn Kamba, wọn kì í sábà yọ erin lẹ́nu níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, Maasai àti Kamba, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n sì gbé e sí etí erin. Ìwádìí náà jáde ní 2014. Bí erin bá gbọ́ ohùn ọkùnrin Maasai, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á sá sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ti Kamba, tàbí ti obìnrin Maasai, tàbí ti ọmọdékùnrin wọn, ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Erin gbọ́ èdè, ó mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí òun bẹ̀rù. Èmi tí mo ti gbé ní ìlú yìí nígbà tí ó dára àti nígbà tí kò dára mọ irú etí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún sọ pé bí erin bá kan egungun erin lójú ọ̀nà, yóò dúró, yóò fi ọwọ́jà kàn án, yóò fi ẹsẹ̀ kàn án jẹ́jẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí egungun ẹfọ̀n.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ fún mi pé nígbà tí rélùwéè ṣì ń kó màlúù láti ilẹ̀ Òkè Ọya yìí lọ sí Èkó, kì í ṣe ẹrù wíwúwo ni ó máa ń dá àárẹ̀ sí òun lára. Igbe màlúù tí wọ́n ya ọmọ rẹ̀ sí ọkọ̀ ẹ̀yìn ni. Ó ní àwọn ọ̀gá a máa sọ pé ebi ni. Ó ní òun ti gbọ́ igbe ebi, òun sì ti gbọ́ èyí, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìyá àti ọmọ, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. Jane Goodall, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé láàrin àwọn ìnàkí ní Gombe ní ilẹ̀ Tanzania ní 1960, tí ó sì kú ní October 2025, kọ nípa ìyá arúgbó kan láàrin wọn, Flo, tí ó kú ní 1972. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Flint, ti lé ní ọdún mẹ́jọ, ó ti tó dá jẹun. Kò jẹun. Ó jókòó sí itòsí ibi tí ìyá rẹ̀ kú sí, ó ń rù, àìsàn sì dé sí i. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí òun náà kú.

Èyí tí ó kẹ́yìn, inú òkun ni ó ti ṣẹlẹ̀, láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹran omi ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní orca, dúdú ni pẹ̀lú funfun, ó jọ àbùùbùtán, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ní July 2018, ọ̀kan nínú wọn, tí àwọn tí ó ń ṣọ́ wọn sọ ní Tahlequah, bí ọmọ obìnrin. Ọmọ náà kò lò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ìyá fi orí gbé òkú ọmọ náà, ó ń wẹ̀ lọ. Bí ó bá bọ́, yóò rì tẹ̀ lé e, yóò tún gbé e wá sókè. Ọjọ́ 17 ni ó fi ń gbé e, ó sì rin ohun tí ó ju kìlómítà 1,500 lọ. Ní January 2025, wọ́n tún rí i tí ó ń gbé òkú ọmọ mìíràn.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ka ìtàn yìí sí etí ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́rin kan kúrò lọ́wọ́ wa ní 2021. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Àwọn ìyá àdúgbò ni wọ́n gba ọmọ náà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, àwọn ọkùnrin gbé e lọ, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tán tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Wọ́n ní kí ó má sunkún jù, nítorí èyí tí ó ń bọ̀. N kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é.

Ìyàwó mi dákẹ́ nígbà tí mo kà á tán. Mo rò pé ó ti sùn. Ó wá bi mí pé, “Ta ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo ní, “Kò sí ẹni tí ó gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ó tó lójú rẹ̀.”

Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Wọ́n sì jẹ́ kí ó gbé e?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n jẹ́ kí ó gbé e.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti pa ọmọ ewúrẹ́ wa kan lójú títì, ìyá rẹ̀ sì ti ń ké fún òru méjì. Ìyàwó mi gan-an ni ó ń lọgun mọ́ ọn láti ojú fèrèsé pé kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn sùn. Ní òru tí mò ń wí yìí, ewúrẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi dìde, mo rò pé igi ni ó fẹ́ lọ mú. Ó bu eèrí sínú abọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jáde. Ewúrẹ́ kò jẹ eèrí náà. Nígbà tí ó ṣe, mo yọjú. Ó jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ewúrẹ́ dúró tì í, ó ṣì ń ké, ṣùgbọ́n kò ké sókè mọ́. Mo padà lọ sùn, mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí irú nǹkan báyìí, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Kó kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i, kó sì kọ ohun tí ẹranko náà ṣe, kì í ṣe ohun tí àdúgbò sọ.